Àpótí Ọ̀bẹ Ọkọ Mi

Ọ̀bẹ kan tó kọ̀ tí kò ṣí ni ó mú ọkọ mi wá sílé wa. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ní Odode, ní Ìdànrè, nísàlẹ̀ àpáta. Àdá, ọkọ́ àti ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé kòkó lórí igi ni ó ń rọ. Ọkọ mi nígbà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò tí ilé wọn kò jìnnà sí ọjà. Ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì ń kó o lọ fún àwọn tó ni sítọ́ọ̀ ńlá tó wà létí títì. Ẹni tó bá ń ra kòkó gbọ́dọ̀ ní ọ̀bẹ lápò, nítorí pé yóò máa mú ẹyọ kòkó nínú àpò, yóò máa là á sí méjì láti wò ó bóyá inú rẹ̀ gbẹ dáadáa tàbí ó ti bàjẹ́.

Ọ̀bẹ àpò ni ó mú wá lọ́jọ́ náà, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù. Bàbá mi yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní òun kì í tún ọ̀bẹ tó ń sùn sínú ikùn ara rẹ̀ ṣe. Ó nà án padà sí i. Èmi jókòó ti ẹwìrì, mo ń fẹ́ná. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wò ó. Mo kán àdín sí i lára, mo fi yá iná díẹ̀, mo gbé e sétí, mo wá ń fi èékánná tẹ ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ ibi tó ti há. Iyanrìn ni ó wọ ìdí ìṣó tó di ẹnu ọ̀bẹ náà mú. Mo fi ìdí ìyẹ́ adìẹ yọ ọ́. Ọ̀bẹ náà ṣí, ó dún kọ́!

Ọkùnrin náà wò mí. Ó ní, “Kí lo ń gbọ́ létí yẹn?”

Mo ní, “Mo ń gbọ́ ibi tó ń dùn ún.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi bí ẹni pé bàbá mi ló ṣe é, ó sì lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi wá tọrọ mi.

Ìgbà tí mo délé rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọ̀bẹ yẹn lẹ́gbẹ́. Ó ní àpótí pákó kan tí káfíńtà ṣe fún un. Ó tẹ́ àrán pupa sí i nínú, ibẹ̀ ni ó ń to wọ́n sí. Kòkó gbówó lórí nígbà náà. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra kẹ̀kẹ́, wọ́n ń ra giramafóònù, wọ́n ń fi páànù bo ilé. Ọkọ mi náà fi páànù bo ilé, ṣùgbọ́n bí ó bá fojú kan ọ̀bẹ àpò tí kò tíì rí irú rẹ̀ rí, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ mọ́ títí yóò fi dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí sójà kan tó ti ogun Bọ́máà dé tà fún un, irin ṣóńṣó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà tí àwọn alágbẹ̀dẹ Hausa ṣe, tí wọ́n fi awọ wé èèkù rẹ̀ pinpin. Ọ̀kan kéré bí ìka ọmọdé, ìkarahun òkun tó ń dán ni wọ́n fi ṣe èèkù tirẹ̀. Èyí tí mo ṣí ní ilé bàbá mi náà wà níbẹ̀, ìwo dúdú ni èèkù rẹ̀, ó sì ti sán díẹ̀ lápá kan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ wa. Bí ó bá ti mọ́sálásí dé, tó jẹun tán, èmi a tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí òjìji àpáta máa ń bò lọ́sàn-án, òun a sì gbé àpótí jáde. A máa kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ kọjú sí oòrùn, kí a wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín èèkù àti irin ẹ̀yìn, ìyẹn irin tó máa ń di ọ̀bẹ mú bí ó bá ṣí. Ọ̀bẹ tó dára kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. A máa mi ẹnu rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Òun a fi fá irun apá rẹ̀, a fi rẹ́ obì pẹlẹbẹ títí tí a ó fi máa rí ìka wa láti ẹ̀yìn obì náà. Èyí tó bá kù, ti etí mi ni. Mo máa ń dijú. Mo máa ń ṣí ọ̀bẹ, mo máa ń pa á dé, lẹ́bàá etí mi. Ọ̀bẹ tó dára máa ń sọ̀rọ̀ kan nígbà tó bá ń ṣí, ó máa ń sọ òmíràn nígbà tó bá ń padé, ọ̀rọ̀ náà a sì mọ́ ṣáká. Èyí tí kò dára a máa ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ bí eyín arúgbó.

Kò ra ọ̀bẹ rí kí ó má kọ́kọ́ mú un wá fún mi. Àwọn ọkùnrin a máa wá láti ìlú Aládé, wọn a mú ọ̀bẹ tiwọn wá kí ó bá wọn wò ó. Yóò gbà á, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò ní, “Ẹ jẹ́ kí n mumi wá.” Ọ̀dọ̀ mi ní ilé ìdáná ni ó ń bọ̀. Èmi a gbé e sétí, n ó sì mi orí bí ó bá dára, tàbí kí n gbé orí sókè bí kò bá dára. Yóò padà síta, yóò jókòó, yóò sọ fún wọn bí ọ̀bẹ wọn ṣe rí. Mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Háà! Ojú ọkùnrin yìí mà mú o!” Èmi a máa da omi sí ìkòkò, n ó máa rẹ́rìn-ín sínú. Kò dùn mí pé orúkọ jẹ́ tirẹ̀. Àṣírí àwa méjèèjì ni. Àwọn ìyàwó mìíràn ní aṣọ tí wọ́n ń fi yangàn, èmi ní ìyẹn.

Mo ti bí ọkùnrin, mo ti bí obìnrin fún un, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ra kòkó ní Owena lemọ́lemọ́. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ìlú Ìlọrin wá, tí wọ́n ń ta abẹ́rẹ́, dígí, ìlẹ̀kẹ̀ àti fìtílà. Wọ́n tún ń ta ọ̀bẹ àpò tí wọ́n ń kó wá láti Èkó. Ọmọbìnrin wọn ni ó máa ń jókòó ti ọjà náà. N kò mọ ìyẹn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ mi ṣí àpótí, mo sì rí ọ̀bẹ tuntun kan tí n kò gbé sétí rí.

Mo ní, “Ìgbà wo lẹ ra èyí?”

Ó ní, “Níjọ́ tí mo lọ sí Owena.”

“Ta ló bá yín wò ó?”

“Wọ́n bá mi wò ó níbẹ̀.”

Wọ́n. Mo gbé ọ̀bẹ náà, mo ṣí i, mo pa á dé. Ó dára. Ìbá sàn kí ó má dára. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn mo tún bá òmíràn níbẹ̀, ìyẹn náà sì dára. Owú tí alágbẹ̀dẹ fi ń lu irin ni mo mọ̀ láti kékeré. Èyí tí obìnrin ń jẹ, n kò tíì mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí ó wá sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ ọmọ àwọn oníṣòwò Owena, kò yà mí lẹ́nu. Mo lọ sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ní, “Ṣé o rò pé ìwọ nìkan ni ó máa fẹ́ ni? Ṣe sùúrù. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ mọ́ sí i.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbálẹ̀ yàrá tí ìyàwó máa gbé. Mo pọnmi sí i. Ọjọ́ tó dé, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, “Ìyáálé mi, ẹ gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀.” Mo gbé e dìde. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó sì ń sọ Yorùbá bí ẹní ń kàwé, gbogbo ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní mímọ́. Èmi tó jẹ́ pé ẹnu Ìdànrè ni mò ń sọ, mo kàn rí i pé ohùn mi le ní etí ara mi.

Kí n sọ òótọ́, n kò bínú sí i nítorí ọbẹ̀. Bí ó bá se ọbẹ̀ dídùn, èmi náà a bá wọn jẹ ẹ́. N kò bínú nítorí yàrá. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni ọjọ́ Jímọ̀.

Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó dé bá wa, mo tẹ́ ẹní bí mo ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Ọkọ mi gbé àpótí jáde. Ó wá gbójú sókè, ó ké sí i pé, “Ìyàwó! Ìwọ náà máa bọ̀.” Ó wá, ó jókòó sí apá kejì ẹní náà. Ọkọ mi na ọ̀bẹ kan sí i, ọ̀bẹ tí mo ti ń nù láti ọdún tí mo ti délé. Ó ṣí i, ó gbé ìdí ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ní orúkọ ìlú òyìnbó kan nìyí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́. Ó ní àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá òun ti fi han òun rí, kì í ṣe ọ̀bẹ yẹpẹrẹ.

Àwọn ìlà wẹẹrẹ yẹn! Mo ti ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nù wọ́n tipẹ́. Ọnà ni mo pè é. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

Inú ọkọ mi dùn bí ọmọ kékeré. Ó ń nà án ní ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. “Ka èyí. Èyí náà ńkọ́?” Ìyàwó ń kà, ọkọ ń rẹ́rìn-ín. Òjìji àpáta ti kúrò lórí wa kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó rántí pé etí mi wà níbẹ̀. Nígbà tí ó wá na ọ̀bẹ kan sí mi, mo dijú bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni ìró ọkàn tèmi. Mo ní ó dára. N kò mọ̀ bóyá ó dára.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni ó ń ka tirẹ̀, tí mo sì ń gbọ́ tèmi. Mo máa ń ṣọ́ iye ìgbà tí ọkọ wa bá yíjú sí i. Bí ó bá yọ nǹkan láti inú àpò agbádá rẹ̀, mo máa ń wò ó bóyá ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ìyàwó jókòó, ni ó máa nà sí. Mo rù. Ìyá mi rí mi lọ́jà, ó ní ṣé ibà ń ṣe mí ni. Mo ní rárá. Kí ni n bá wí? Pé nítorí ọ̀bẹ tí kò tó ìka ni?

Ọ̀rọ̀ wá kan ọ̀bẹ akọ̀wé. Ọkùnrin kan wà ní sítọ́ọ̀ kòkó yẹn, ọmọ Àkúrẹ́ ni, òun ni akọ̀wé tó ń wọn kòkó fún wọn. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Òun náà fẹ́ràn ọ̀bẹ. Ó ní ọ̀kan tó jẹ́ pé ọkọ mi ti ń lá àlá rẹ̀ tipẹ́: ìwo àgbọ̀nrín ni èèkù rẹ̀, idẹ ni wọ́n fi dé e lókè nísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì ń dán bí omi. Ọkùnrin náà ní òun kò tà á, ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá máa fún òun ní mélòó kan nínú àwọn ọ̀bẹ àtijọ́ tó wà nínú àpótí, àwọn lè ṣe pàṣípààrọ̀. Ó fún ọkọ mi ní ọ̀bẹ náà kí ó mú un lọ sílé lọ wò.

Kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ wa pe àwa méjèèjì. Ó kọ́kọ́ na ọ̀bẹ náà sí ìyàwó.

Ìyàwó kà á. Ó ní, “Èyí ni ọ̀gá wọn. Bàbá mi kò tíì ní irú rẹ̀ ní ọjà rí.”

Ó wá kàn mí. Mo ṣí i lẹ́bàá etí. Mo pa á dé. Mo tún un ṣe. Nígbà tó ń ṣí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni ó sọ. Méjì ni mo gbọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, bí ẹni tó ń tiro. Mo mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ilé bàbá mi, mo máa ń gbọ́ ọ lára irin tí wọ́n ti lò títí tó ti rẹ̀, tí wọ́n wá tún fi iná sọ jí.

Mo ní, “Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú. Ẹnì kan ti tú u rí, ó tún tò ó padà. Ẹ má gbà á.”

Ọkọ mi wò mí. Ó wo ìyàwó. Ó ní, “Ìwọ gbọ́ nǹkan kan?”

Ìyàwó gbà á, ó ṣí i, ó pa á dé, kò gbójú sókè. Ó ní, “N kò gbọ́ nǹkan kan.”

Ọkọ mi wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, kò pariwo, èyí ló sì mú kí ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀: “Òjòwú kò lẹ́ran láyà, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Nítorí pé ìyàwó yìn ín ni.”

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé n kò lè búra pé kì í ṣe owú. Mo mọ̀ pé mò ń jowú. Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti rí i tí ó kọ́kọ́ nà án sí ìyàwó ni ọ̀bẹ náà ti ń rùn sí mi. Ṣé etí mi ni ó gbọ́, tàbí àyà mi? Mo lọ jókòó sí ilé ìdáná, mo ń gbìyànjú láti rántí ohùn náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ ni ó ń yí padà. Nígbà tí ó yá, n kò mọ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi mú ọ̀bẹ tó rà lọ́wọ́ sójà, ó mú èyí tó ní èèkù ìkarahun, ó sì mú èyí tó ní ìwo dúdú, èyí tí mo ṣí nílé bàbá mi, ó kó wọn lọ fún akọ̀wé. Kò sọ fún mi. Ìgbà tí mo ń nu àpótí ni mo rí àyè wọn lórí àrán, tí àrán náà ṣì pupa jù níbẹ̀ nítorí pé oòrùn kò tíì pa á. Mo pa àpótí dé. Akọ̀wé wọ lọ́rì lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó gbé wọn lọ, n kò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí dòní.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, n kò tẹ́ ẹní. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ìyàwó ló tẹ́ ẹ.

Àsìkò kòkó ti wọlé dáadáa nígbà náà. Gbogbo orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà nítòsí ìlú ni wọ́n sá kòkó sí, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo Odode. Ọkọ mi ń fi ọ̀bẹ ìwo àgbọ̀nrín rẹ̀ la kòkó níwájú àwọn àgbẹ̀, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń yìn ín. Mo wà lọ́jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ra iyọ̀, nígbà tí mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn kígbe níwájú sítọ́ọ̀. Mo sáré lọ. Ọkọ mi jókòó lórí àpò kòkó, ó di ọwọ́ ọ̀tún mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sára aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní ẹyọ kòkó kan le, ó tẹ ọ̀bẹ mọ́ ọn, irin ẹ̀yìn ṣẹ́, ẹnu ọ̀bẹ sì ká padà sórí ìka rẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá ni. Ó gé e kan egungun.

Mo mú ìborùn mi, mo fi di ọwọ́ náà. Ó wò mí. N kò mọ ohun tó wà lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fẹ́ rí i, nítorí pé ó yíjú sí ọ̀nà. Mo gbé ọ̀bẹ náà nílẹ̀. Àjákù irin ẹ̀yìn náà ṣì wà lára rẹ̀, ojú ibi tó ti ṣẹ́ sì dúdú bí èédú. Iná alágbẹ̀dẹ ti kan án rí lóòótọ́. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ náà lọ́wọ́, ara mi fúyẹ́. Etí mi ni, kì í ṣe owú. Lẹ́sẹ̀ kan náà ẹ̀rù bà mí pé ara mi lè fúyẹ́ nígbà tí ọkọ mi ń ṣẹ̀jẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n rán ìka náà. Nígbà tó padà dé, èmi àti ìyàwó ni a jọ ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ń tú aṣọ ojú egbò, ìyàwó ń sè é nínú omi gbígbóná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a jókòó lẹ́yìnkùlé, a ń fọ àwọn aṣọ náà. Ó dá ọwọ́ dúró.

Ó ní, “Ìyáálé mi, mo gbọ́ ọ.”

Mo ní, “Kí lo gbọ́?”

“Ọ̀bẹ akọ̀wé. Bí ẹ ṣe gbọ́ ọ ni èmi náà gbọ́ ọ. Inú ọ̀bẹ ni wọ́n tọ́ mi dàgbà.”

Mo fi aṣọ sílẹ̀ sínú omi. “Kí ló dé tí o kò sọ?”

Omijé ti wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí mo bá ní òótọ́ lẹ sọ, kí ni yóò kù tí yóò máa pè mí fún? Ìwé kíkà yẹn, bí mo bá ti kà á tán, ó tán nìyẹn. Ẹ̀yin ni ó máa ń wò. Bí ẹ bá gbé ọ̀bẹ sétí, ó máa ń mí díẹ̀díẹ̀, ó máa ń wò yín bíi pé ẹ fẹ́ dá a lẹ́jọ́. Kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti délé yìí.”

N kò mọ èyí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n? Mo máa ń dijú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Inú bí mi. Mo ronú nípa ìka ọkọ mi, mo ronú nípa àwọn ọ̀bẹ tó lọ sí Èkó, mo sì fẹ́ gbá a létí. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbínú náà, ohun kan dùn mọ́ mi. Mo ti rù tán nítorí rẹ̀, tí òun náà sì ń jowú mi ní yàrá kejì. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, ó ti bó nítorí omi gbígbóná. Mo ní, “Ìwọ ni yóò sọ fún un. Kì í ṣe èmi.”

Ó sì sọ fún un. Mo jókòó níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Mo rò pé ọkọ wa yóò bínú sí i. Ó ń wo aṣọ funfun tí a fi di ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn ni pé ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ọ. Èmi nìkan, tí mo ni í, èmi ni n kò gbọ́.” Èyí ló dùn ún jù, mo rí i lójú rẹ̀. Kì í ṣe ìka, kì í ṣe irọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé owú kì í ṣe ti obìnrin nìkan.

Ìtàn náà jáde síta, bí ìtàn ṣe máa ń jáde. Àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ ṣẹ́ ti gbọ́ láti ẹnu aládùúgbò pé ìyáálé ti sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin Aládé wá pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn, wọn kò nà án sí ọkọ wa mọ́. Wọn a kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn a jókòó, wọn a ní, “Ṣé àwọn ìyàwó wà nílé?” Ní àkọ́kọ́ ó máa ń rẹ́rìn-ín, ó máa ń pè wá. Ìyàwó a ka ohun tó wà lára ọ̀bẹ, èmi a gbọ́ ohùn rẹ̀, a ó sọ èrò wa lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọkùnrin náà a máa mi orí. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọkọ wa mọ́. Mo ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́, mo rí i tí ó ń fi ọwọ́ òsì pa irùngbọ̀n, tí ó ń gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un, tí wọn kò sì dúró gbọ́.

Ní ọjọ́ kan ọkùnrin kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Èmi àti ìyàwó ń gúnyán lẹ́yìn ilé, a sì gbọ́ tí ọkọ wa ń sọ fún un ní iwájú pé, “Wọn kò sí nílé.” Bí a ṣe ń gún un ni ilẹ̀ ń mì tìtì. Ọkùnrin náà ní, “Ta ló wá ń gúnyán?” Ọkọ wa ní, “Àlejò ni.” Ìyàwó fi aṣọ dí ẹnu, èmi náà kò lè gbé ọmọ odó mọ́, a rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín. Bí a ti ń rẹ́rìn-ín náà, mo rí i pé eyín rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

Ìka náà san, ṣùgbọ́n kò ká mọ́. Wọ́n ní iṣan rẹ̀ ti gé. Ó ti di pé ọkọ wa kò lè fúnra rẹ̀ fi èékánná ṣí ọ̀bẹ àpò, nítorí pé ìka yẹn ni ó fi máa ń ti àtàǹpàkò rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbìyànjú ọwọ́ òsì, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó ṣì ń ra ọ̀bẹ, kò lè ṣe kó má rà. Jímọ̀ tún padà sí bó ṣe wà. Ẹní, àpótí, òjìji àpáta. Ó máa ń mú ọ̀bẹ jáde ní pípadé, ó sì gbọ́dọ̀ nà án sí ẹnì kan nínú wa kí ó bá òun ṣí i.

Èmi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ́kọ́ nà án sí mi ní Jímọ̀ yìí, oúnjẹ a dùn lẹ́nu mi títí dé ọjọ́ Àìkú. Bí ó bá nà án sí ìyàwó, n ó rí i pé kò sí iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òun náà mọ̀, ọkọ wa kì í ṣe òmùgọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀bẹ kalẹ̀ sí àárín ẹní, ó máa ń wojú ọ̀run bí ẹni tó ń ṣọ́ òjò, a sì jókòó báyìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ọ̀bẹ tó ti pa ẹnu rẹ̀ dé, kí èmi tàbí ìyàwó tó nawọ́ mú un.